Oògùn Ọsibítù Nínú Ìkòkò Màámi

Bí ó bá jẹ́ pé òní ni wọ́n sọ fún ọ, jókòó ná. Mu omi. Má tíì sá lọ sílé ẹnikẹ́ni, má sì tíì gba ìgò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sọ fún mi pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, mo sì gún iyán lánàá, mo jẹ ẹ́ débi pé dídìde fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìṣòro. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ ni àṣìṣe tí èmi àti ìyá mi jọ ṣe, nítorí mo mọ̀ pé ìwọ náà ní ẹnì kan nílé tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ní ìkòkò lórí iná.

Rábíátù ni orúkọ mi, Rábí ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé, aṣọ òfì ni mò ń hun. Nígbà kan, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí irú òfì tiwa yìí, ṣùgbọ́n bàbá ọkọ mi ló kọ́ mi, ó ní ọwọ́ mi yá ju ti àwọn ọmọ òun lọ. Ìyá mi ní tirẹ̀, ará Ìpàpó, alágbo ni. Kì í ṣe alágbo tó ń gbé ike kiri ìdíkọ̀ o. Màámi á jókòó síwájú ilé, wọ́n á sì wá bá a láti Òtu títí dé Kòmu: àgbo ibà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, àgbo ọmọ wẹ́wẹ́, àgbo aboyún. Owó àgbo ló fi rán mi nílé ìwé títí mo fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ó ní òfin kan tí kì í fi ṣeré: kò ní bu àgbo fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú onítọ̀hún. Bí o bá rò pé mo fẹ́ bú àgbo ìyá mi níbí, o ti ṣìnà.

Ọkọ mi, Lásísì, awakọ̀ ni. Ẹrù ló máa ń kó láti Ṣakí lọ sí ẹnu bodè tó lọ sí Kútọnu. Ó jẹ́ ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, a ní ọ̀nà jíjìn ló ń jẹ ẹ́. Ó ń wúkọ́, a ní eruku ni. Ibà mú un, a ní ṣebí ibà ni. Màámi kó ìkòkò rẹ̀ wá láti Ìpàpó, ó ń sè fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lásísì á mu ún tán, á nu ẹnu, á ní, "Ìyá, àgbo yín yìí dùn ju ọbẹ̀ Rábí lọ." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pa wá lẹ́rìn-ín títí ó fi kú lásìkò òjò. Kò sí ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí. Màámi kò padà sí Ìpàpó mọ́, ó dúró tì mí láti bá mi tọ́ Sìkírá, ọmọ wa kan ṣoṣo, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà náà.

Ọdún kejì ni tèmi dé. Ọyẹ́ mú, gbogbo èèyàn níbi òfì da aṣọ bora, èmi nìkan ń làágùn bí ẹni ń gún iyán. Inú ẹnu mi funfun, n kò lè jẹ ata. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ òfì á ti kú tipiri kí oòrùn tó gòkè, aṣọ tí mo máa ń hun lọ́jọ́ méjì sì wá di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Mò ń fún ìró mọ́dìí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nítorí pé ìdí tó yẹ kó dì í mú ti ń lọ. Mo rántí bí Lásísì ṣe ń lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí.

Ìsẹ́yìn ní ọsibítù, má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ní Ìsẹ́yìn, bí o bá yà sí ọsibítù láàárọ̀, kí o tó délé, wọ́n á ti máa bi ọmọ rẹ pé ṣé ara ìyá ẹ ti le. Ni mo bá wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí, mo gun ọ̀kadà dé ọsibítù kan níbẹ̀, mo fi gèlè bo ojú débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ǹṣì gígùn ni a jókòó sí, a ń sún díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ta ni mo rí ní ìkángun bẹ́ǹṣì? Alájì kan ládùúgbò wa n'Ísẹ́yìn, tóun náà sá wá sí Ṣakí. Òun ń wo àjà, èmi ń wo bàtà mi. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò sí ẹni tó ń kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà bíi Alájì yẹn, a kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà rí.

Nọ́ọ̀sì tó sọ fún mi, àgbàlagbà obìnrin ni, ọmọ Ìgbòho, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ jà. Ó ṣàlàyé, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi í: "Àǹtí, ta ni yóò bá mi tọ́ ọmọ mi?"

"Ìwọ ni," ó ń kọ nǹkan lọ. "Ta ló tún kù? Máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́, má fo ọjọ́ kan, kí o sì mú ọmọ náà wá ká yẹ òun náà wò." A yẹ Sìkírá wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ní in. Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku níwájú ọsibítù, mo sunkún, Sìkírá sì ń bi mí pé ṣé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún òun ló ń dun èmi.

Ẹ̀yìn ilé ni mo ti sọ fún Màámi, níbi tó ti ń fá èèpo igi. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé òun náà ló pa Lásísì?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀, Màámi."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá èèpo náà, ó fá a, ó fá a, títí kò fi sí nǹkan kan lára igi mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "N ó sè é. Tìrẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi."

Bí ìjà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo pè é ní ìjà, ṣùgbọ́n ìjà ìfẹ́ ni, òun ló sì burú jù, nítorí o kò lè kórìíra ẹni tí ẹ jọ ń jà. Bí mo bá fẹ́ gbé oògùn mì, Màámi á kàn wò mí, á mí kanlẹ̀. Ó ní, "Oògùn tí wọ́n ní kí o máa lò títí o ó fi kú, ṣé ìyẹn náà ni oògùn? Oògùn a máa wo àrùn tán, a ó sì da ìkòkò nù." Kò sì lè gbà kí n pa méjèèjì pọ̀, nítorí ó gbàgbọ́ pé oògùn òyìnbó àti àgbo, bí wọ́n bá pàdé nínú ikùn, wọn á bá ara wọn jà. Ó fẹ́ kí n yan ọ̀kan. Èmi ń bẹ̀rù àrùn, mo sì tún ń bẹ̀rù kí ojú ìyá mi kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ìṣòro mìíràn wà pẹ̀lú. Ibi òfì wa, a tó méjìlá tó ń jókòó sí ìlà kan, ohun tí ọ̀kan bá gbé mì, mọ́kànlá á bi í. Agbo ilé ọkọ mi náà rí bẹ́ẹ̀. Ike oògùn yẹn máa ń dún wóróworó nínú àpò, inú ilé ìyàgbẹ́ ni mo ti ń gbé e mì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí ike náà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Rábí, oògùn kí lo ń lò tí kò tán yìí?" Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó wo ọrùn mi tó ti rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru, kẹ̀?" N kò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan.

Màámi ló wá ní ọgbọ́n. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tó rí owó he. "Rábí, jókòó. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó ń mu àgbo pé kí ló ń ṣe é. Àbí irọ́ ni? Ìwọ ò fẹ́ fi oògùn ọsibítù sílẹ̀, èmi ò fẹ́ fi àgbo sílẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ pàdé nínú ikùn kí wọ́n jà. Ká jẹ́ kí wọ́n pàdé nínú ìkòkò. Kí wọ́n jà á tán níbẹ̀, lórí iná, kí wọ́n sì parí ẹ̀. Mélòó ni wọ́n ń fún ọ?"

"Ọgbọ̀n, Màámi. Ti oṣù kan."

"A ó lọ̀ wọ́n sí ìkòkò. Lójoojúmọ́, ife kan. Ife ọgbọ̀n. Ṣé ó kù síbì kan ni?"

Kò kù síbì kan. Ìṣirò náà pé. Má fi mí rẹ́rìn-ín, tàbí kó o rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ báyìí. Èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo gbọ́ ọ, ara tù mí. Ìyá mi kò ní máa mí kanlẹ̀ mọ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò ní rí ike mọ́. Mo dìde, mo lọ gbé ike oògùn náà wá fún un.

Ó lọ̀ wọ́n lórí ọlọ tí ó ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbá ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ìkòkò pẹ̀lú èèpo àti ewé, ó tanná sí i. Bó ti hó, ó bu ife àkọ́kọ́, ó tọ́ ọ wò gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀. Ó korò débi pé ó fajú ro. Ó ní, "Eléyìí á ṣiṣẹ́." Lójoojúmọ́ ló ń tọ́ ọ wò kí n tó mu. Bí àgbo bá lọ sílẹ̀, a ó bu omi lé e, a ó tún sè é, bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo àgbo. Bí oṣù bá parí, n ó lọ gba ọgbọ̀n mìíràn wá láti Ṣakí, a ó da ìkòkò nù, a ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nọ́ọ̀sì á ní, "Ṣé ò ń lò ó?" Màá ní, "Mò ń lò ó, Àǹtí." N kò purọ́ o. Mò ń mu ún.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, inú wa dùn. Ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín padà sílé. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ẹnu mi tún funfun. Ìgbẹ́ gbuuru dé, kò sì lọ. Mò ń hun aṣọ ìyàwó kan, òwú ń já lọ́wọ́ mi, mò ń so ó, ó ń já, àwọn tó jókòó tì mí sì ń wo ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ tí n kò lè dìde lórí ẹní, Sìkírá jókòó tì mí, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi. Ó pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ lọ bá Bàbá mi ni?"

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife àgbo lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ. Ó gbé ife náà sílẹ̀, ó ní, "Rábí, gbìyànjú kí o dìde. Ṣakí là ń lọ." Kò sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ó gbé ìkòkò náà, ó fi aṣọ dì í, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí òun ń fún ọmọ òun, kí wọ́n sọ ibi tó kù sí. Nínú mọ́tò, àgbo ń ta sí wa lára ní gbogbo kòtò. Awakọ̀ ní, "Ìyá, kí lẹ gbé tó ń rùn báyìí?" Màámi ní, "Wo iwájú ẹ."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì jáde, kòkòrò náà ti pọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ọmọ Ìgbòho yẹn gbé ìwé sílẹ̀, ó wò mí.

"O ní ò ń lo oògùn."

"Mò ń lò ó, Àǹtí. Lójoojúmọ́. Ife kan."

"Ife?"

Màámi tú aṣọ, ó ṣí ìkòkò. Ó ṣàlàyé láti orí dé ìsàlẹ̀, kò fi ohun kan pamọ́, títí kan títọ́ tó ń tọ́ ọ wò. Mo ti di ojú, mò ń retí èébú. Nọ́ọ̀sì kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fa àga fún ìyá mi, ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá. Ọdún mélòó lẹ ti wà nídìí iṣẹ́ yìí?"

"Ó lé lógójì."

"Ṣé gbogbo ewé lẹ máa ń sè?"

"Rárá. Èyí tí a ń gbo wà, omi tútù la fi ń gbo ó. Bí iná bá kàn án, ó ti bàjẹ́."

"Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá lọ sè é ńkọ́?"

"N ó gbá a létí," ni Màámi wí.

Nọ́ọ̀sì mú ẹyọ oògùn kan, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi. "Màmá, ọ̀kan lára wọn nìyí. Kì í rí iná, a kì í sì í lọ̀ ọ́. Odindi rẹ̀ lèèyàn ń gbé mì, ẹyọ kan, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹ ṣe da ọgbọ̀n pọ̀ mọ́ omi yẹn, tẹ́ ẹ tún ń bu omi lé e, ta ló mọ̀ bóyá ìdajì ló wà nínú ife tòní, tàbí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀? Àwọn èèpo míì sì wà tí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú ara. Kòkòrò yẹn ti fojú kéré oògùn náà, kò ràn án mọ́."

Màámi ń yí ẹyọ oògùn náà lọ́wọ́. Mo rí i pé ó ti yé e, ó sì ti yé e ju bó ti yé èmi lọ. Ó wá gbójú sókè, inú bí i díẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ èèwọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ fún un? Èmi, bí mo bá ta àgbo, mo máa ń sọ èèwọ̀ rẹ̀."

"Ẹ jàre, Màmá. N kò rò pé ẹnikẹ́ni lè sè é." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín láìní agbára. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo inú ìkòkò rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ rẹ̀, àgbo mi ló mu títí ó fi kú. Gbogbo ìgbà tó fẹ́ lọ sí ọsibítù, èmi ni mo ní kó ní sùúrù. Ṣé èmi ni mo pa á?"

N kò mọ̀ pé nǹkan yẹn wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni a ti jọ ń gbé, tí a jọ ń jẹun, tó ń dirí fún mi, n kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Kòkòrò ló pa á, Màmá. Ẹ ò mọ̀, òun náà ò mọ̀. Èyí tó wà láàyè nìyí." Màámi sunkún fún Lásísì lọ́jọ́ náà bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ tó kú. Mo fi orí mi lé e léjìká.

Wọ́n yí oògùn mi padà. Kò yá wéré o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìyá mi gba oògùn yẹn bí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó èèwọ̀ rẹ̀ jọ, ó ń kà á fún mi: kì í rí iná, kì í fo ọjọ́, kò mọ "ó di ọ̀la". Bí mo bá kírun Mọ̀gàríbì tán, kí n tó ká ẹní, omi àti oògùn á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà ààwẹ̀, bí a bá ti fi dàbínù ṣínu, òun ló tẹ̀ lé e. Ó mọ ọjọ́ tí oògùn máa tán ju èmi lọ. Ó fi àgbo ibà rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ibà ń ṣe, bí èmi bá sì fẹ́ tọ́ ọ wò, á ní kí n kọ́kọ́ lọ bi Àǹtí Nọ́ọ̀sì.

Ibi tí ike oògùn ń gbé wá ńkọ́? Màámi ní ìkòkò méje lẹ́yìn ilé. Mẹ́fà ní àgbo nínú. Ìkeje gbẹ, oògùn mi ló wà nínú rẹ̀, ó fi ìdérí dé e. Láti ìgbà náà, kò sí ìyàwó ilé kan tó bi mí ní ohunkóhun, nítorí kò sí ẹni tó ń ṣí ìkòkò alágbo.

Bí mo ṣe wà nìyí: ara mi dá. Wọ́n ní kòkòrò náà ti kéré débi pé ẹ̀rọ kò rí i mọ́. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún mi pé kò túmọ̀ sí pé ó ti lọ. Bí mo bá dá oògùn dúró, yóò padà. Sìkírá ti ń ka ìwé fún ìyá àgbà rẹ̀. Mò ń hun aṣọ mi.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan wá bá Màámi níwájú ilé. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ó rù, ó fi gèlè bo ojú bí mo ṣe bò ó nígbà yẹn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ òun ní nǹkan nínú, wọ́n kó oògùn fún òun, òun kò tíì lò ó, ṣé ìyá ní àgbo tó lè fọ̀ ọ́ mọ́? Ìyá mi, tí kì í jẹ́ kí oníbàárà lọ lófo, yíjú sí mi nídìí òwú tí mò ń tú. Ó wò mí, mo sì mọ ohun tó ń tọrọ. Ọdún mẹ́fà ni a ti fi bo ọ̀rọ̀ náà. Mo mi orí fún un pé kó sọ ọ́.

Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó mú ike náà wá láti inú ìkòkò keje. Ó ní, "Èmi ò ní irú àgbo bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi nìyí, wò ó dáadáa. Irú nǹkan tí wọ́n rí lára tìrẹ náà ló wà lára rẹ̀. Ọdún mẹ́fà. Oògùn tó ń lò nìyí, èmi kọ́ ni mo sè é, a kì í sì í sè é."

Obìnrin náà wò mí. Ó wo apá mi, ó wo ọrùn mi, ó wo Sìkírá tó ń ṣeré lẹ́yìn mi. Ó na ọwọ́, ó gba ike náà, ó mì í wò létí. Ó wá bi ìyá mi pé, "Ìyá, ṣé kò korò?"

"Ó korò," ni Màámi wí. "Mo ti tọ́ ọ wò."